Bí a ṣe ń ṣe fídíò ẹ̀kọ́ kéékèèké tí kò ní jẹ dátà akẹ́kọ̀ọ́ tán: ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùkọ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Olùkọ́ tó bá fẹ́ ya fídíò ẹ̀kọ́, fóònù akẹ́kọ̀ọ́ ni kó kọ́kọ́ rò, kó tó ro tirẹ̀. Ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní kíláàsì wa ló jẹ́ pé fóònù ìyá wọn ni wọ́n ń yá lò lálẹ́, lẹ́yìn tí ìyá bá ti ọjà dé. Ojú fóònù náà kéré, ibi ìpamọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, gbogbo ilé ló sì jọ ń lo dátà tó wà lórí rẹ̀. Ọmọ tó wà ní abà kókó lẹ́bàá Ìdànrè, tàbí ní abúlé tó jìnnà sí ìlú Oǹdó, tún ní ìṣòro kejì: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Fídíò tó wúwo kò ní ṣí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ mọ́ tó. Gbogbo ìpinnu tí a máa ṣe nínú ìtọ́sọ́nà yìí, látorí bí fídíò ṣe gùn tó títí dé ibi tí a máa gbé e sí, ọmọ yẹn la máa fi wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa lọ́dún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, àti nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ọdún 2022, ohun tó bá ṣáà wà lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ìgbà pàjáwìrì nìyẹn, kò sí ẹni tó lè bá wa wí. Ní báyìí tí àyè ti wà láti jókòó ronú, ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ni pé kí a ṣe é dáadáa.

Àpẹẹrẹ tí màá máa lò ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ fún SS 2: ohun tí à ń ṣe sí kókó láti ìgbà tí a bá já a lórí igi títí tó fi gbẹ. Kókó ni wọ́n fi ń mọ ìpínlẹ̀ wa, àwọn ọmọ sì ń rí i nílé. Olùkọ́ ìṣirò tàbí ti Yorùbá lè fi iṣẹ́ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ pín ẹ̀kọ́ náà sí wẹ́wẹ́

Ẹ má gbé ẹ̀kọ́ ogójì ìṣẹ́jú sínú fídíò kan. Ní ọdún 2014, Philip Guo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wo fídíò lórí edX, ojúlé ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, níbi tí wọ́n ti yẹ ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 6 tí àwọn èèyàn ṣí fídíò wò. Wọ́n rí i pé bó ti wù kí fídíò gùn tó, nínú ìgbà méjì tí wọ́n bá ṣí i, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan ni kò ní kọjá ìṣẹ́jú 6. Wọ́n tún rí i pé fídíò tí olùkọ́ ti ń fọwọ́ kọ nǹkan bó ṣe ń sọ̀rọ̀ máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ dání ju èyí tó kàn ń fi slide hàn lọ. Èyí bá iṣẹ́ wa mu gan-an, torí pé olùkọ́ tó ti ń lo ẹfun lójú pátákó láti ọjọ́ pípẹ́ ti mọ bí a ṣe ń kọ̀wé tí ẹnu ò sì ní dákẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí fídíò kọ̀ọ̀kan dáhùn. Ẹ̀kọ́ kókó wa máa di mẹ́rin. Àkọ́kọ́: báwo la ṣe ń mọ èyí tó ti pọ́n, báwo la sì ṣe ń fọ́ ọ láì fi àdá ṣá hóró inú rẹ̀? Ìkejì: kí ló dé tí a fi ń kó hóró tútù jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ 5 sí 7 kí ó lè kan, tí a sì ń yí i? Ìkẹta: báwo la ṣe ń sá a sóòrùn títí omi inú rẹ̀ á fi kù bí ìdá 7 nínú 100? Ìkẹrin: báwo ni ẹni tó ń rà á ṣe ń mọ èyí tó dára, tí wọ́n bá la 300 hóró sí méjì láti wo àwọ̀ inú rẹ̀? Ọmọ tí dátà rẹ̀ bá tán lẹ́yìn ìkejì ti mọ ohun odindi méjì. Bó bá jẹ́ pé fídíò gígùn kan ṣoṣo ló já lójú rẹ̀ láàárín ọ̀nà, kò sí ohun tó mú dání délẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí ẹ máa sọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ máa kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn o, ẹ kọ ọ́ bó ṣe máa ń jáde lẹ́nu yín, kí ẹ sì kà á sókè pẹ̀lú aago. Ọ̀rọ̀ 600 sí 700 máa ń gba bí ìṣẹ́jú 6 lẹ́nu ẹni tí kò kánjú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ohun tí kò wúlò kúrò. Ìkíni àti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ohun iyì láàárín wa, mi ò ní ká yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n tí a máa fi ṣe fídíò wa, ìṣẹ́jú kan jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 3 ààbọ̀ nínú dátà ọmọ. Ẹ kí wọn ní gbólóhùn kan, ẹ béèrè ìbéèrè ọjọ́ náà, ẹ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ tọ́jú ohùn kí ẹ tó tọ́jú àwòrán

Ọmọ lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀ kí ẹ̀kọ́ ṣì yé e. Ohùn tí ariwo bò mọ́lẹ̀ ni kò ṣeé fara dà. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wo ojú fóònù rárá: ọmọ ń bó ẹ̀gẹ́, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí ló fi ń gba ẹ̀kọ́. Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín kò bá pọ̀, orí máìkì ni kó kọ́kọ́ lọ.

Máìkì kékeré olókùn tí wọ́n ń há mọ́ àyà aṣọ ti tó. Kí ẹ tó sanwó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ẹnu irin rẹ̀. Ti fóònù ní ìlà dúdú 3, ti kámẹ́rà ní 2, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ti kámẹ́rà kì í sì í ṣiṣẹ́ lára fóònù. Àwọn fóònù mìíràn kò ní ihò roboto yẹn mọ́, Type-C nìkan ni wọ́n ní. Ẹ fi fóònù yín gba ohùn níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì gbọ́ ọ padà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá há a mọ́ra, kí ó wà ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí àgbọ̀n yín, kí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tàbí aṣọ má sì máa gbo ó.

Ẹni tí kò ní owó máìkì lè lo fóònù méjì. Ọ̀kan ń ya àwòrán lọ́ọ̀ọ́kán, ìkejì wà nínú àpò àyà tàbí lórí tábìlì nítòsí ẹnu yín, ó ń gba ohùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan méjèèjì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà. Nígbà tí ẹ bá ń gé e, ẹ wá ibi tí àtẹ́wọ́ náà ti dún nínú ohùn, ẹ gbé e sábẹ́ ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti kanra nínú àwòrán. Ohùn àti ẹnu máa bára mu láti ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ pa ohùn tí fóònù àkọ́kọ́ gbà rẹ́.

Ariwo àdúgbò ni wàhálà tó kù. Nígbà tí iná ọba bá wà ni àdúgbò máa ń dákẹ́ jù, nítorí pé gbogbo jẹnẹrétọ̀ ti kú. Bí ẹ bá lè fi ìgbà yẹn ya fídíò, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà. Ìyẹn tún túmọ̀ sí pé kí ìwé, ọ̀rọ̀ àti aṣọ yín ti wà nílẹ̀, kó jẹ́ pé bí iná bá ṣe ń dé ni ẹ ń bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ kùtùkùtù náà dára, bí àkùkọ bá gbà fún yín. Lábẹ́ òrùlé páànù, kò sí ohùn tí ẹ lè gbà nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ kàn fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ pa fáànù. Ẹ ti fèrèsé tó kọjú sí títì. Ẹ má sì lọ sí kíláàsì tó ṣófo nítorí pé pátákó wà níbẹ̀: ògiri sìmẹ́ńtì àti ilẹ̀ lásán máa ń dá ohùn padà, á wá dà bíi pé inú kànga lẹ ti ń sọ̀rọ̀. Iyàrá tí ibùsùn wà, tí kọ́tìnì nípọn, tí aṣọ kọ́ sára ògiri, ibẹ̀ ni ohùn ti ń dùn. Pátákó kékeré tàbí káádíbọ́ọ̀dù funfun ṣeé gbé wọ ibẹ̀.

Kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tí máìkì ti wà ní títàn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wúlò. Audacity, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, máa ń fi í mọ ohun tí ariwo iyàrá yín jọ, kó tó yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ohùn yín. Ẹ lọ sí Noise Reduction, ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ náà hàn án, ẹ wá jẹ́ kó dín ariwo kù láàárín 6 sí 12 dB (desibẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n ohùn). Ẹ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fà á jù, ohùn èèyàn á máa dún bí ìgbà tí ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi, ariwo díẹ̀ sì sàn ju ìyẹn lọ.

Ìmọ́lẹ̀, àti ohun tó ń mú fídíò wúwo

Ojú fèrèsé ni iná tó dára jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ kọjú sí fèrèsé, ẹ má kẹ́yìn sí i. Ní aago 8 sí 10 àárọ̀, ìmọ́lẹ̀ rọ̀, ó sì tó. Lọ́sàn-án gangan, òrùn wà lórí wa, ó ń fi òjìji sínú ihò ojú.

Ohun kan wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú ní pàtàkì. Kámẹ́rà fóònù máa ń wo gbogbo àwòrán kó tó pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Bí ògiri ẹ̀yìn yín bá funfun, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú yín á sì di dúdú birikiti tí ẹnikẹ́ni ò ní rí bí ẹnu ṣe ń yí. Ẹ dúró níwájú ògiri tó ní àwọ̀ díẹ̀, ìyẹn búlúù, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀, tàbí kí ẹ ta aṣọ tí kò ní bátànì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ ojú ara yín lórí fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tó fi máa so ojú àti ìmọ́lẹ̀ mọ́bẹ̀, kó má baà máa pààrọ̀ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá mira. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì oòrùn kékeré kan á yọ tí ẹ lè fà sókè kí ojú túbọ̀ mọ́.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń fún fídíò pọ̀ kí ẹ tó jáde lọ yà á. H.264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ fáìlì MP4, kì í tọ́jú gbogbo àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Á tọ́jú àwòrán kan ní odindi, lẹ́yìn náà, ohun tó bá yí padà nìkan ni á máa kọ sílẹ̀, títí tó fi tún máa kan odindi mìíràn. Ògiri tí kò mira kò ná an ní nǹkan kan. Ohun tó bá ń mira, tó sì ní bátànì wẹ́wẹ́, ló ń jẹ dátà.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa. Àdìrẹ oníbátànì wẹ́wẹ́ tó rẹwà lára yín yẹn máa ń wúwo nínú fídíò, nítorí pé gbogbo ìlà rẹ̀ ló ń sún bí ẹ bá ti mí. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ kan lọ́jọ́ tí ẹ bá ń yà á. Inú oko kókó gan-an ni ibi tó ṣòro jù: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewé ń mi nínú atẹ́gùn, oòrùn ń wọ àárín wọn tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Bí ẹ bá dúró lókèèrè kí ẹ lè gbé gbogbo oko wọ inú àwòrán, orí ewé ni ẹ̀rọ máa ná gbogbo agbára rẹ̀ lé, ọwọ́ àgbẹ̀ tó ń yí hóró kókó á wá di bátabàta. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí òkìtì kókó, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ àti ọwọ́ méjì kún ojú fóònù pátápátá. Ohun tí ọmọ fẹ́ rí náà nìyẹn.

Ìdí kan náà ló fi yẹ kí fóònù dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta (tripod). Ọwọ́ èèyàn máa ń gbọ̀n, bó bá sì ti gbọ̀n, gbogbo àwòrán ló yí padà, ẹ̀rọ á tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lè fi bíríkì méjì há fóònù náà lórí àga. Ẹ gbé e ní ìbú, ẹ nu ojú kámẹ́rà pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, ẹ tan airplane mode kí ìpè má baà wọlé láàárín ọ̀rọ̀. Ìwọ̀n 1280 sí 720 tó láti fi yà á. 4K kò ní ìwúlò kankan fún ojú fóònù kékeré, ṣe ló kàn máa kún mẹ́móórì yín.

Bó bá jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ yà, OBS Studio jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ọ̀rọ̀ inú slide má ju ìlà 6 lọ, kí ó tóbi. Lórí èyí, olùkọ́ Yorùbá ní láti ṣọ́ra ju ẹlòmíràn lọ: àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ló kọ́kọ́ máa ń parẹ́ tí a bá fún fídíò pọ̀. Ẹ lo lẹ́tà Noto Sans tàbí Charis SIL, tí àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ ń jókòó dáadáa lórí wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà.

Gígé rẹ̀ kò le. CapCut lórí fóònù tàbí Shotcut lórí kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Ẹ yọ ibi tí ẹ ti kọ́ ahọ́n àti ibi tí ẹ ti dákẹ́ jù, ẹ má fi ọ̀ṣọ́ tó ń fò síwá sẹ́yìn sáàárín àwòrán, torí àwọn náà ń jẹ dátà.

Ẹ fún fáìlì náà pọ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fò, ibẹ̀ sì ni owó àwọn ọmọ ti ń ṣòfò. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Bitrate ni iye bíìtì tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì 8 ló sì ń di báìtì kan. Ẹ fi bitrate sọ iye ìṣẹ́jú àáyá di púpọ̀, ẹ pín in sí 8.

Ká ní fóònù yín ń ya fídíò ní mẹ́gábíìtì 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó wọ́pọ̀ fún 1080p, ìyẹn àwòrán tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1080. Ìṣẹ́jú 6 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 360. Mẹ́gábíìtì 17 náà lọ́nà 360, tí a bá pín in sí 8, jẹ́ mẹ́gábáìtì 765. Ọmọ tó ra gígì kan máa wo ẹyọ kan, kò sì ní lè parí ìkejì. Bí a bá wá fún un pọ̀ dé kílóbíìtì 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún àwòrán àti 64 fún ohùn (kílóbíìtì 1,000 ló ń di mẹ́gábíìtì kan), àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 464, ìṣẹ́jú 6 náà á sì di nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 21. Gígì kan náà á gbé fídíò 47. Ẹ̀kọ́ kókó wa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kò ní tó mẹ́gábáìtì 90.

HandBrake lórí kọ̀ǹpútà máa ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Ẹ ṣí fáìlì yín, ẹ yan Fast 480p30, ẹ fi àmì sí Web Optimized. Ní ibi ohùn, ẹ sọ Mixdown di Mono, ẹ sọ bitrate rẹ̀ di 64. Ní ibi àwòrán, ẹ yí RF sí 27 tàbí 28, kí ẹ wá wo bó ṣe rí. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń ga sí i ni fáìlì ń fúyẹ́ sí i, tí àwòrán sì ń dín kù. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń lo ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí lè lo ffmpeg, òun ni mo fẹ́ràn jù nítorí pé ó ń pa ààlà bitrate mọ́ dáadáa:

ffmpeg -i koko2.mp4 -vf scale=-2:480 -r 25 -c:v libx264 -preset slow -crf 27 -maxrate 400k -bufsize 800k -g 100 -pix_fmt yuv420p -c:a aac -b:a 64k -ac 1 -movflags +faststart koko2-fuye.mp4

480 ni gíga àwòrán. -r 25 ní kí àwòrán máa jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ slide lásán ni, 15 tó. -maxrate ni ààlà tí a ò fẹ́ kó kọjá. -g 100 ní kí àwòrán odindi wà ó kéré tán ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin mẹ́rin, kí ọmọ tó bá fẹ́ fo sí iwájú tàbí padà sẹ́yìn má baà dúró pẹ́. -ac 1 sọ ohùn di ẹyọ kan, nítorí pé ẹnu kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má gbàgbé +faststart, tàbí Web Optimized nínú HandBrake, ohun kan náà ni wọ́n. Inú MP4 ni atọ́ka kan wà tó ń sọ fún fóònù ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú fáìlì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń kọ atọ́ka yìí sí ìparí, nítorí pé ìgbà tí yíyà bá parí ni wọ́n tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá wà ní ìparí, tí ẹ sì gbé fáìlì náà sórí ojúlé ilé ìwé yín, fóònù ọmọ lè máa yí bírí-bírí láì bẹ̀rẹ̀, torí ó ń wá ohun tó wà ní ẹ̀yìn. Faststart gbé atọ́ka náà wá síwájú. Fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré bí apá àkọ́kọ́ bá ti ń wọlé, ìyókù á máa tẹ̀ lé e.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

YouTube máa ń fúnra rẹ̀ ṣe oríṣiríṣi ìwọ̀n látinú fídíò kan, látorí 144p lọ sókè. Á gé wọn sí wẹ́wẹ́, á sì máa yan èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọmọ lè gbé lásìkò náà. Nítorí náà, fáìlì 720p tó mọ́ ni kí ẹ gbé lọ síbẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ti fún pọ̀, torí pé YouTube tún máa fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀mejì á sì bà á jẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí gbogbo ayé rí i, ẹ yan Unlisted: ẹni tó bá ní línkì nìkan ló máa rí i, ẹ sì lè fi línkì náà sínú Google Classroom. Ìkànnì tí ẹ kò tíì fi nọ́ńbà fóònù jẹ́rìí sí kì í gba fídíò tó ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan tiwa. Bí ẹ bá sọ pé ti àwọn ọmọdé ni, wọ́n á pa ibi ìdáhùn, ẹ ní láti wá ibòmíràn tí àwọn ọmọ á ti máa béèrè ìbéèrè.

Fáìlì tó fúyẹ́ ni ti WhatsApp àti Telegram. Lórí WhatsApp, bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, áàpù náà á tún un fún pọ̀ bó ṣe wù ú, ọ̀rọ̀ ojú slide á sì di bàìbàì. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document, á dé bó ṣe wà. Àǹfààní tó wà nínú èyí ju ti YouTube lọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé: wọ́n máa gbà á lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n bá bọ́ sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, wọ́n á sì máa wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú abà láì ná dátà mọ́. Mo rọ̀ yín kí ẹ máa ṣe méjèèjì ní gbogbo ìgbà. Orúkọ fáìlì náà ṣe pàtàkì: “agbe-ss2-koko-2-kikan.mp4” á jẹ́ kí ọmọ rí i lọ́jọ́ ìdánwò, “VID_2034” ò ní jẹ́ kó rí i.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sí i pẹ̀lú, fún ọmọ tí etí rẹ̀ kò já geere àti èyí tó ń wò ó níbi tí kò ti lè gbé ohùn sókè. Fáìlì SRT, tí à ń kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà sí, kò ju ìwé lásán lọ, Notepad lè kọ ọ́:

1
00:00:04,000 --> 00:00:08,500
Kí ló dé tí a fi ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró kókó?

2
00:00:09,000 --> 00:00:14,000
Ooru inú òkìtì yìí lè dé ìwọ̀n 45 sí 50 Celsius.

Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ yan UTF-8, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ, ọ àti ṣ yín á di àmì ìbéèrè.

Ìyọ̀ǹda

Bí ojú ọmọ kan bá máa hàn, ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀ ní kíkọ kí ẹ tó yà á. Òfin ààbò ìsọfúnni àdáni ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà kan àwòrán èèyàn, ó sì ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i fún ọmọdé. Àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú fídíò náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí ẹ ń gbé e lọ, ẹ wí fún bàbá tàbí ìyá náà ní kedere, kí wọ́n tó gbà. Ẹ má fi orin olórin sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà kò gbà á láìgbàṣẹ, YouTube sì lè pa ohùn fídíò náà, tí iṣẹ́ yín á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ yá fóònù tó kéré jù nínú ilé, ẹ lọ sí ibi ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ (Settings), ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ sórí 3G nìkan, ẹ wá ṣí fídíò náà. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu fóònù fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti inú earpiece, torí ẹnu fóònù kékeré máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan parẹ́. Ẹ wò ó níta nínú oòrùn. Bí ọ̀rọ̀ ojú slide kò bá ṣeé kà níbẹ̀, ẹ padà lọ sọ ọ́ di ńlá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wọ YouTube Studio, ẹ wo àwòrán ìlà tó ń fi ibi tí àwọn olùwòran ti ń kúrò hàn. Bí ìlà náà bá já wálẹ̀ lójijì níbì kan, ẹ lọ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan le jù tí ẹ kò tú u sílẹ̀. Bó bá ṣe pé ṣe ni ìlà náà ga níbì kan, wọ́n ń padà síbẹ̀ láti tún un gbọ́ ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi fídíò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ṣàlàyé. YouTube kò gbà kí a fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí línkì kan náà, nítorí náà, bí ẹ bá tún un ṣe, ẹ fi línkì tuntun ránṣẹ́ sí kíláàsì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì pa ti àtijọ́ rẹ́ kí wọ́n má baà máa wò ó lọ.

Fídíò àkọ́kọ́ tí ẹ yà, tí ẹ kò tíì gé, ẹ kó o pamọ́ sórí hard drive ìta, kì í ṣe orí fóònù nìkan. Bí ìwé ẹ̀kọ́ bá yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, ohùn nìkan ni ẹ máa tún gbà, ẹ kò ní láti padà sínú oko.